Òṣùpá Tó Tóbi Ju Mẹ́kúrì Lọ

"Ẹ fọwọ́ sí i, Mísìsì," ni Ọ̀gbẹ́ni Abraham, ọ̀gá ilé ìwé, wí bó ṣe ti bébà kan sí iwájú Olúbísí.

Wọ́n ti bá a kọ ọ́ tán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé òun, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ló kọ́ ọmọ ní ohun tí kò tọ̀nà, ó sì ń tọrọ àforíjì.

Níbi ìdíje àwọn ilé ìwé ní Odigbo ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ bèèrè bóyá òṣùpá kankan wà tó tóbi ju pílánẹ́ẹ̀tì lọ. Oyin, ọmọ àgbẹ̀ kòkó kan ní Ajue, dáhùn pé ó wà: Gánímídì, òṣùpá Júpítà, tóbi ju Mẹ́kúrì lọ. Adájọ́ ní irọ́ ni, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Oyin ní bẹ́ẹ̀ ni aunti àwọn kọ́ àwọn, wọ́n ní ó yájú sí àgbà, wọ́n lé e jókòó.

"Òótọ́ lọmọ yẹn sọ, sà," ni Olúbísí wí. "Mẹ́kúrì ò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà láti etí kan dé èkejì. Gánímídì lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ yẹn ló ń bọ̀ wá yẹ ilé ìwé wa wò lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé Gánímídì ló máa bá wa bẹ̀ ẹ́?"

Olúbísí ro ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó ro bí iṣẹ́ ṣe ṣọ̀wọ́n tó ní Ore. Ó fọwọ́ sí i. Lójú ẹsẹ̀, ọ̀gá fi ìwé náà rán ọlọ́kadà sí Odigbo, ó sì gba kíláàsì lọ.

Nígbà tí Olúbísí máa fi débẹ̀, ọ̀gá ti kúrò níbẹ̀. Oyin dìde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Aunti, ọ̀gá ní ẹ ti kọ̀wé pé irọ́ ni mo pa. Wọ́n ní ká pa ọ̀rọ̀ Gánímídì rẹ́ nínú nóòtù wa."

Àwọn kan ti ń fi irésà pa á rẹ́ lóòótọ́.

"Ẹ má pa á rẹ́ mọ́," ni Olúbísí wí. Ó mú báàgì rẹ̀.

Ọ̀gá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. "Bí ẹ bá jáde, Mísìsì, ẹ má padà wá o."

"Mo gbọ́, sà."

Ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà kan. "Odigbo," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré. Mo fẹ́ gba ìwé kan padà kó tó débẹ̀."