Páìpù Tó Dún Lẹ́ẹ̀mẹta

Ní ilé ìfọṣọ tí èmi àti màmá mi ti ń ṣiṣẹ́, páìpù ló máa ń kọ́kọ́ kí wa láàárọ̀. Bàbá tó ń tọ́jú bọ́ílà, àgbá irin ńlá tí omi ti ń hó di ooru, á fi irin lù ú lẹ́ẹ̀mejì láti yàrá ẹ̀yìn. Ó túmọ̀ sí pé kò séwu, ká ṣí ooru sínú áyọ́ọ̀nù wa. Bí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kí gbogbo wa sá jáde sí títì ni. Láti ọdún méje tí màmá mi ti wà níbẹ̀, wọn ò tíì lù ú lẹ́ẹ̀mẹta rí.

Ọ̀gá wa obìnrin fẹ́ràn àdúrà. Kò sí àárọ̀ tí kì í kó wa jọ fún ìsìn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa gbọ̀n bó bá ń gbàdúrà fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bàbá bọ́ílà tó tó bí i lọ́mọ, Èédú ló ń pè wọ́n, nítorí aṣọ iṣẹ́ wọn tó dúdú.

"Ìwọ Èédú, má fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́gbin yẹn tẹ simẹ́ńtì mi o!"

Àwọn òṣìṣẹ́ á rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá ní ariwo páìpù ń da ìsìn rú. Ó ra agogo kékeré kan, ó ní òun fúnra òun ni yóò máa lù ú dípò páìpù bó bá ti di aago mẹ́jọ. "Ṣé Èédú ni yóò máa sọ ìgbà tí mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé tí mo fi owó mi kọ́?"

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọ̀gá gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, kò wojú wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tún dúró títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n wá bá màmá mi nídìí tábìlì ìlọṣọ wọn, èyí tó fẹ̀yìn ti ògiri bọ́ílà gan-an.

"Ìyá ọmọ, ẹnu ibi tí ooru ń gbà jáde ti há. Ó yẹ ká pa iná fún ọjọ́ méjì. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ọ̀gá."

Màmá mi lọ sọ ọ́. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

"Èédú ti di ẹnjiníà! Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì kún ilẹ̀ níbí, ó ní ká pa iná."

"Ọ̀gá, ẹ kàn gbọ́ tẹnu wọn ná."

"Àbí ìwọ náà fẹ́ lọ bá a dáná ni?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ọwọ́ lé ògiri ẹ̀yìn màmá mi. Ó gbóná bí iwájú orí aláìsàn, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń pa ẹkún mọ́ra.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá ń kọ́ wa nípa bí Jésù ṣe bu omi sínú abọ́, tó sì fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá wọlé. Wọ́n ti bọ́ bàtà. Wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ wọn méjèèjì mọ́ tónítóní, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré."

"Ta ló pè ọ́? O ò rí i pé Ọlọ́run la ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo rí i, mà. Ṣùgbọ́n..."

"Jáde!"

Wọ́n wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n padà lọ, ipa ẹsẹ̀ wọn sì hàn lórí simẹ́ńtì. Mo ń wò ó. Ó gbẹ kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀gá ní ká dìde ká kọrin. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́jọ lù. Àárín orin la wà tí páìpù fi dún.

Kọ́n. Kọ́n. Kọ́n.

"Ẹ máa kọrin lọ!" ni ọ̀gá wí. "Ẹni tó bá jáde nítorí Èédú, kó má padà síbí mọ́."

Iṣẹ́ yìí la fi ń jẹun, òun la fi ń san owó ilé. Mo wo màmá mi. Wọ́n pa ìwé orin wọn dé, wọ́n rọra gbé e sórí àga.

"Níbo lò ń lọ?"

"Àgbàlagbà kan ló ń pè mí, ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ wa lọ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe."

Wọ́n fà mí lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí àga ń ró lẹ́yìn wa, ọ̀kan, èkejì, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá tẹ̀ lé wa jáde, agogo rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń lé wa níṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Ìbínú yẹn ló gbà á là. Ó ṣì ń pariwo nígbà tí ilẹ̀ mì. Ó dà bí ẹni pé ilé náà mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ooru funfun bo òrùlé, ògiri ẹ̀yìn sì wó lulẹ̀ sórí tábìlì màmá mi.

Bàbá ṣì wà nínú.

Nígbà tí àwọn panápaná dé, ọ̀kan nínú wọn sáré bá wa. "Kí lorúkọ ẹni tó wà nínú? Ẹ fi orúkọ pè é, kó lè dáhùn!"

A wo ara wa. Màmá mi tẹ orí ba. Ọdún méje, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa.

Ọ̀gá sún mọ́ ibi tí ògiri ti ya. "Èé..." Ó gbé ìyókù rẹ̀ mì. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá! Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn!"

Panápaná gbé ọwọ́ sókè pé ká dákẹ́.

Lábẹ́ àwókù, páìpù dún lẹ́ẹ̀kan.

Gbogbo wa dúró, a ń retí ìkejì.