Akọ̀wé Tún Kọ̀ǹpútà Mi Ṣe

Èmi kọ́ ni mo ránṣẹ́ pe Akọ̀wé. Ọkọ mi ló pe àbúrò ẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ya bátànì ti darúgbó, ó ń kú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, àfi kí wọ́n fi ètò tuntun sí i. Òun alára wá bá tiẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣiṣẹ́. Òun ló ń sọ ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ máa gún abẹ́rẹ́ sí lára aṣọ. Ọgọ́ta aṣọ nọ́ọ̀sì ló sì wà nílẹ̀ tí kò tíì ní àmì ilé ìwòsàn láyà, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá kó wọn.

Akọ̀wé ni mo ń pè é torí n kì í pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ, kì í ṣe torí pé ó mọ̀wé. Àárọ̀ Ọjọ́rú ló dé. Kò tíì jókòó tó ti ń bú ohun tó bá nílé. Ó ṣí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ eruku inú ẹ̀ sórí aṣọ funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó ní irú èyí, orí àkìtàn ló yẹ kó wà. Mo ní èrò orí àkìtàn náà ló ń bọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Ètò tuntun náà kọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ní àyè inú òun kéré. Akọ̀wé lọ ra ohun tí wọ́n fi ń fẹ àyè ẹ̀, ó fi sínú ẹ̀. Nígbà kejì, ó dé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ó bá dúró. Wákàtí méjì gbáko, ó ń wò wá, àwa náà ń wò ó. N ò ní parọ́, inú mi dùn, mo fẹ́ kójú tì í. Ó wáá ní ohun kan ló kù, kóun pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́, kóun bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òun á kọ́kọ́ kó ohun tó ṣe pàtàkì sórí fíláàṣì. Ó bi mí pé inú fódà wo ni bátànì wà.

Ìbéèrè yẹn bí mi nínú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ní kí ló fẹ́ fi bátànì ṣe, kó máa kó gbogbo ohun tó bá rí. Ó tún béèrè, mo kẹ̀yìn sí i.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ètò tuntun ti wọlé. Fọ́tò wa wà níbẹ̀, orin wà níbẹ̀, títí kan géèmù táwọn ọmọ ò ṣe mọ́. Mo wá fódà kan, n ò rí i. Mo wá a títí, kò sí. Mo bi í pé fódà tí wọ́n kọ Pàǹtí sí dà.

Ó ní, "Mo fi sílẹ̀, ó ti parẹ́. Ta ló ń kó pàǹtí lọ sílé tuntun?"

Mo sọ fún un pé bátànì ọdún mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, àti àmì àwọn nọ́ọ̀sì tí mo fi odidi oṣù kan yà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú ẹ̀ wálẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín. Ta lẹ ń fi í pa mọ́ fún?"

"Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin."

Mo wáá ro ó fún un bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yẹn ṣe wá kí wa lọ́dún méje sẹ́yìn, tó fi fíláàṣì jí bátànì mi kó, tó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ Pàǹtí sára ohun tí n ò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. N ò sì tẹ ilé ẹ̀ láti ìgbà yẹn.

 Akọ̀wé pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà lórí fóònù níṣojú mi, ó ṣàlàyé. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin náà látibi tí mo jókòó sí. Ó ní ti ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ pé lọ́wọ́ òun, àmì nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní fi rán Akọ̀wé. Kí ìyàwó àwọn wá fẹnu ara ẹ̀ béèrè.

Mo kórìíra ẹ̀. Mo kórìíra Akọ̀wé náà, tó di fóònù mú tí kò lè gbójú wò mí. Ọgọ́ta aṣọ wà nílẹ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ.

"Ẹ sọ fún wọn pé mo ń bọ̀," ni mo wí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà mi.