Ìwé Kanna Lára Ògiri

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ti Kanna kúrò níbẹ̀," ni Tomoe wí.

Píìnì ṣì wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Odagiri, olùkọ́ kíláàsì kẹrin. Ó wo ògiri ẹ̀yìn kíláàsì, níbi tó ti to ìwé àwọn ọmọ méjìlélógún sí. Nísàlẹ̀, àwọn òbí ti ń bọ́ bàtà, wọ́n ń wọ sálúbàtà àlejò, torí ọjọ́ tí wọ́n máa ń wá wo ẹ̀kọ́ ọmọ wọn ni.

"Tíṣà, tí mo bá yọ ọ̀kan, àyè rẹ̀ á ṣófo. Ìwé ọmọ tiẹ̀ ni òbí kọ̀ọ̀kan ń kọ́kọ́ wá. Kí ni kí n sọ fún bàbá rẹ̀?"

"Ṣé ẹ kà á?"

"Méjìlélógún ni wọ́n. Òdòdó yín ni mo wò."

Ìwé ìtàn ọmọdé ni Tomoe ń kọ. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti tó ogún ọdún tó ti ń ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kí àwọn ọmọ yìí kọ ohun kan tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn láàárọ̀, kó sì jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Kanna nawọ́ sókè, ó béèrè ẹni tó máa kà á. Tomoe ní òun nìkan ni. Ọmọ náà wò ó títí, kó tó dorí kọ ìwé rẹ̀.

Ó kọ ọ́ pé láti oṣù kẹrin ni màmá òun kò ti dìde lórí ibùsùn. Òun ló ń se ìrẹsì, òun ló ń bu ọbẹ̀ míso fún àbúrò òun. Bàbá ní tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí òun sọ pé màmá lọ tọ́jú ìyá àgbà ní ìlú Sendai. Kí òun tó jáde nílé, òun máa ń gbé ọwọ́ sí imú màmá, láti mọ̀ bóyá ó ń mí.

Tomoe sunkún nígbà tó kà á. Gbogbo àwọn ọmọ ló fi gègé pupa ya òdòdó fún, kí ẹnikẹ́ni má baà sunkún, àmọ́ ti Kanna ló tóbi jù. Ó kó ìwé náà sórí tábìlì Odagiri, ó sì pinnu pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni òun yóò bá a sọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ó bá àwọn ọmọ kíláàsì kejì lọ jẹun. Bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n bá ti ya òdòdó sí, ara ògiri ló ń lọ. Ti Tomoe náà gun ògiri bẹ́ẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, àmọ́ kò rántí ìyẹn kó tó lọ jẹun. Àfọwọ́fà ni, kò rí ẹni dá lẹ́bi.

Àwọn òbí wọlé. Obìnrin méjì dúró síwájú ìwé Kanna, ọ̀kan sì fọwọ́ kan èkejì lápá. Àwọn méjèèjì yìí ló máa ń bi Ọ̀gbẹ́ni Tamaki, bàbá Kanna, pé ara ìyá àgbà ti Sendai ńkọ́. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Tamaki fúnra rẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń tẹrí ba kí gbogbo èèyàn. Àwọn obìnrin náà yà fún un. Ó ka ìwé ọmọ rẹ̀ dé ìparí. Lẹ́yìn náà ló wá síwájú Tomoe, ó tẹrí ba gan-an.

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Ọmọ mi ti fi ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ dà yín láàmú. Ó fẹ́ràn kó máa hun ìtàn." Ó gbójú sókè, ojú náà sì ń bẹ̀bẹ̀. "Ìtàn lásán ni, àbí?"

Kanna ti yí padà lórí àga rẹ̀, Tomoe ló ń wò. Tomoe mọ ohun tó yẹ kó sọ. Tó bá sọ pé òótọ́ ni, bóyá ẹnì kan yóò lọ wo obìnrin náà. Àmọ́ yóò tú ọkùnrin yìí síhòòhò lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀, kò sì ní ọkàn àtiṣe bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Ìtàn ni. Ó mọ̀ ọ́n hun."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí. Tamaki dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Tomoe kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀sán náà, kò mọ ohun tó ń sọ. Bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ̀wé lọ́wọ́, ó rọra sún mọ́ Odagiri, ó ní kó jọ̀ọ́ kó lọ sílé ọmọ náà.

"Bàbá ní ìtàn ni," ni Odagiri fèsì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀yin náà ní ìtàn ni, Tíṣà, etí gbogbo òbí ló sì gbọ́ ọ. Kí ni kí n lọ sọ pé mo wá ṣe?"

Tomoe padà síwájú kíláàsì.

Aago lù. Ọmọ tí ìtọ́jú kíláàsì bá kàn lọ́jọ́ náà ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, Kanna ló sì kàn. Ó bọ́ síwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an," ló wí. "Lónìí, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀."

Ó tẹrí ba. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, àwọn òbí pàtẹ́wọ́, ti bàbá rẹ̀ ló ròkè jù. Tomoe rí i pé òun nìkan ni kò tíì pàtẹ́wọ́, gbogbo ojú sì wà lára òun. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pàtẹ́wọ́.