Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò

"Dúró! Ọwọ́ ẹ!"

Ọ̀gá ẹ̀rọ ti gbá ọwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọge tó wá wáṣẹ́, dànù kó tó tẹ bọ́tìnnì. Ó nàka sí ẹnu ẹ̀rọ tó ń fá irin náà, níbi tí eyín rẹ̀ ti di ọ̀pá irin mú. Kọ́kọ́rọ́ tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi fún eyín náà pa ṣì wà nínú ihò rẹ̀.

"O fẹ́ tan án báyìí? Bí ẹnu ẹ̀rọ yìí bá fi lè yí, kọ́kọ́rọ́ yẹn á fò yọ bí ọta ìbọn. Bí kò bá bà ọ́ lójú, á bà mí láyà."

"Ẹ má bínú, sà. Bó ṣe máa ń wà lójú pátákó nìyẹn."

"Pátákó bí ti báwo?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣàlàyé. Nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó ti jáde, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà, aṣọ ni wọ́n sì fi bò ó. Àfi bí àwọn olùbẹ̀wò bá ń bọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, wọn á fi epo nù ún kó lè dán. Ṣọ́ọ̀kì ni olùkọ́ fi ń yà á fún wọn lójú pátákó. Kí wọ́n lè mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, á yà á mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ojú pátákó kì í sáà yí.

Ọ̀gá ẹ̀rọ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ láti ibẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo yín ń gbà fẹ́ pa mí. Àbúrò, mi ò lè gbà ọ́ síṣẹ́."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti kàwé gboyè tẹ́lẹ̀, kò ríṣẹ́. Tajá tẹran ló ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ló ń mówó wọlé báyìí, ló bá fi ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá èèyàn tajà sílẹ̀, ó lọ kọ́ ọ. Ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé bí òun bá ti ríṣẹ́, fífọ aṣọ aláṣọ parí nìyẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ náà ló gbà lọ.

"Ọ̀gá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ẹ̀rọ yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́."

"Kí wọ́n lè bà á jẹ́? Kí la máa wá fi han àwọn olùbẹ̀wò?" Ọ̀gá àgbà fa àga kan fún un. "Ó tiẹ̀ dáa bó o ṣe yọjú. Olùkọ́ yín ti lọ. Ìwọ lo sì mọ̀ ọ́n yà jù láàárín yín. Wá máa bá wa kọ́ àwọn tuntun."

"Èmi tí mi ò tan ẹ̀rọ rí?"

"Ta ló tan án rí níbí? Olùkọ́ yín náà ńkọ́? Inú kíláàsì yẹn náà ni mo ti mú un."

Nílé, ìyá rẹ̀ ń fún aṣọ lọ́wọ́, kò lè nàró dáadáa.

"Wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí, Màámi. Olùkọ́ ni."

"Olùkọ́ kẹ̀?" Ó gbọn aṣọ náà, ó sá a. "Kò burú. Bí a ò rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ya ẹ̀rọ náà sójú pátákó, ó ya kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan gedegbe, kò yà á mọ́ ọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ mọ́ ìwé wọn, wọ́n ń dà á kọ. Ọmọbìnrin kan nàka sókè, ó wo ohun tí wọ́n faṣọ bò ní kọ̀rọ̀ iyàrá.

"Àǹtí, ìgbà wo la máa fọwọ́ kàn án?"

Gbogbo wọn gbójú sókè. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yíjú padà sí pátákó.

"Ẹ kọ́kọ́ yà á kó gún ná."