Èémí Tí Ògúntóyìn Dá Dúró

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1965, Ògúntóyìn fẹ́ gbogbo èémí inú rẹ̀ sínú ọ̀pá rọ́bà dókítà ní Ìjerò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Lydia, nọ́ọ̀sì, ló gbá a mú.

"Bàbá, ẹ rọra. Ẹ jókòó."

Sùnmọ́nù, tí wọ́n jọ ń fọ́ òkúta ọ̀nà, ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ọmọ alágbẹ̀dẹ! Kò síná níbẹ̀ o!"

Ikọ́ ń mi Ògúntóyìn tìtì. Eruku òkúta ti ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan jẹ́ nínú àwọn afọ́kùúta náà, àwọn yẹn kò sì pẹ́ láyé. Lọ́dọọdún ni dókítà ń wá wọn èémí wọn, kí ó lè mọ ẹni tí àìsàn náà ń le sí i lára rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú kúrò nídìí òòlù, tí yóò máa ṣọ́ géètì. Géètì yẹn ni Ògúntóyìn ń fẹ́. Láti ìgbà ọyẹ́, kò lè gun òkè ilé rẹ̀ láìdúró sinmi.

Dókítà gbé ìlà tí ẹ̀rọ ìdí ọ̀pá rọ́bà náà fà sórí pépà lé ti èṣí.

"Ọgbọọgba ni wọ́n. Àìsàn náà kò tẹ̀ síwájú rárá. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Dókítà, n kò lè mí dáadáa mọ́."

"Ọyẹ́ ló fà á."

Ògúntóyìn rántí ti èṣí. Lydia ti ní kí ó fẹ́ ẹ tán pátápátá. Ó fẹ́ ìdajì, ó dá ìyókù dúró. Kò ní ẹ̀tàn kankan lọ́kàn. Láti kékeré ló ti ń fi ẹwìrì fẹ́ná nílé àgbẹ̀dẹ, bàbá rẹ̀ a sì máa kígbe mọ́ ọn pé, "Má tẹ̀ ẹ́ dé ìdí! Tó bá ṣófo tán, iná ni yóò fà wọlé." Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni àyà rẹ̀ ṣe. Ta ní í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò?

"Dókítà, èyí tí mo fẹ́ lọ́dún tó kọjá, n kò fẹ́ ẹ tán."

Dókítà ti ń nawọ́ pe Sùnmọ́nù. "Gbogbo ẹni tó ń fẹ́ géètì ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Lydia wo ilẹ̀.

Ògúntóyìn jáde, ó gbé òòlù rẹ̀. Èémí tó ní ní èṣí tó ìlọ́po méjì èyí tó kù lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wọn ìdajì tó dá dúró. Ìdajì yẹn ti lọ.