Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Tó Yẹ Kí Ilé Ìdáná Ṣófo

Ohun tí mo kórìíra jù nínú fíìmù akóninláyàsókè ni obìnrin tó wọ aṣọ funfun, tó ń sáré kiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, nígbà tí ilẹ̀kùn iwájú ilé wà ní ṣíṣí gbayawu lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ ní kíláàsì tí a ti ń kọ́ fíìmù yíyà, ọ̀gá wa sì ti bá mi wí pé ẹnu mi pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n wá fún wa níṣẹ́ àṣekágbá, tí wọ́n ní kí oníkálukú ya ìpolówó fíìmù oníṣẹ́jú méjì, irú fíìmù tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ti inú ọkàn èèyàn wá, èmi ni wọ́n tẹjú mọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí á lo àwọn àṣà irú fíìmù bẹ́ẹ̀, kí á sì da ọ̀kan nínú wọn rú, ó kéré tán.

Èmi ní tèmi, mo fẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Ọ̀sán gangan ni n ó ya tèmi, nínú ilé ìdáná wa. Kò ní sí òkùnkùn, kò ní sí dígí, ẹnikẹ́ni kò ní pariwo. Ẹni tí ẹ̀rù yóò máa bà kì í ṣe ọmọge, ìyá ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan á ti kúrò níbi tó wà: ife á ti bọ́ sí apá kejì tábìlì, kàlẹ́ńdà á ti ṣí sí oṣù mìíràn, àga mẹ́rin á ti di mẹ́ta. Ìyá náà á máa wò sùn-ùn, ẹni tó ń wo fíìmù á sì máa rò pé orí ìyá náà ló ń dàrú. Ní ìparí pátápátá la óò wá rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń sún ife. Orí ìyá pé, ọmọ ló burú. Mo rò pé mo gbọ́n gan-an ni.

Màámi ni mo bẹ̀ kí wọ́n ṣe ìyá náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń fún aláìsàn lóògùn ní ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí wa, láti ojú fèrèsé kékeré kan tí àwọn èèyàn máa ń tò sí. Wọn kì í fi iṣẹ́ wọn ṣeré rárá. Bí mo bá ní orí ń fọ́ mi, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tí mo jẹ kí wọ́n tó fún mi ní hóró oògùn méjì. Mo ti rò pé wọ́n á lé mi dànù, àmọ́ wọ́n gbà wéré, wọ́n tiẹ̀ ní kí n má jẹ́ kó pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mi ò béèrè ìdí.

Ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ọ̀rẹ́ mi kan tí a ń pè ní Etí, nítorí òun ló ń gba ohùn sílẹ̀ fún gbogbo kíláàsì wa. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni. Níbikíbi tí a bá ti ń ya fíìmù, ó máa ń lé gbogbo wa síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á wá gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó ní kò sí yàrá méjì tí ìdákẹ́jẹ́ wọn dọ́gba, pé ìdákẹ́jẹ́ náà ni a óò fi dí àlàfo nígbà tí a bá ń to fíìmù pọ̀. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ló ń lọ sóko láti lọ ká òfìfo, òun náà á sì rẹ́rìn-ín.

A bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Mo kọ àyípadà méje sórí ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kí a tó ya àwòrán kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ́kọ́ ya fọ́tò ilé ìdáná látòkè délẹ̀, kí ohunkóhun má bàa kúrò níbi tó wà láìjẹ́ pé èmi ni mo fọwọ́ sí i. Màámi ṣe é débi pé ara mi bù máṣọ. Wọn ò ṣe àṣejù kankan. Wọ́n á kàn dúró níwájú tábìlì, wọ́n á na ọwọ́ síbi tí ife wà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ náà á sì dúró lófuurufú fúngbà díẹ̀. Mo ń sọ sí Etí létí pé kó wo ìyá mi, kó wo òṣèré tí a kò mọ̀ pé a ní nílé.

Lẹ́yìn àwòrán kẹrin, Etí ní ó tó àkókò ìdákẹ́jẹ́ òun, ó sì gbé máìkì rẹ̀ kalẹ̀ kó máa gba ohùn sílẹ̀. Mo fi kámẹ́rà sílẹ̀ lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kó máa yà lọ, torí pé èmi náà fẹ́ ilé ìdáná tó ṣófo. Yàrá tí kò séèyàn nínú rẹ̀ máa ń dẹ́rù bani ju èyí tí èèyàn wà nínú rẹ̀ lọ. Àṣà yẹn nìkan ni mo fẹ́ràn nínú gbogbo wọn. Èmi àti Etí jáde lọ jẹ búrẹ́dì ní ojú títì. Màámi ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ ní yàrá.

Nígbà tí a padà dé, aago kò sí lára ògiri mọ́.

Mo wo ìwé mi. Aago kò sí lára àyípadà méje. Mo wá a lábẹ́ tábìlì, mo wá a nínú kọ́bọ̀ọ̀dù, kò sí níbẹ̀. Etí ló ṣí fìríìjì láti mu omi, tó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin, tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo bi Màámi, wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa aago. Ó wá ku Etí. Inú bí mi burúkú. Mo ní ó ń fi iṣẹ́ àṣekágbá mi ṣeré nítorí pé tirẹ̀ ti parí, mo ní ìlara ló ń dà á láàmú, mo sọ ọ̀rọ̀ tó ju ọ̀rọ̀ aago lọ. Ó ká wáyà rẹ̀, ó kó máìkì sínú àpò, ó kí Màámi pé ó dàbọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ó fi ohùn kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe òun ló gbé aago, pé kí èmi nìkan gbọ́ èyí, kí n sì wo ohun tó wà nínú kámẹ́rà. Mo ki wáyà fóònù bọ etí. Ìdákẹ́jẹ́ ilé ìdáná wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́, fìríìjì ń kùn, ẹnu ẹ̀rọ omi ń kán tó, tó, tó. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Màámi, tó lọ sílẹ̀ gan-an, bíi ti ọmọ iléèwé tó ń há iṣẹ́ sórí.

"Pupa, ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Olómi funfun, ti ọmọdé. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀, ti àgbà. Kì í ṣe ti ọmọdé. Kì í ṣe ti ọmọdé."

Mo ṣí kámẹ́rà.

Ilé ìdáná ṣófo fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Màámi wọlé. Wọ́n gbé aago kúrò lára ògiri, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n ṣí fìríìjì, wọ́n sì gbé e síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dá nǹkan padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n yọ ìwé kékeré kan láti inú àpò, wọ́n ń kà á, ètè wọn ń mì. Nígbà tó yá, wọ́n gbójú sókè láti mọ iye tí aago lù. Wọ́n wo ibi tó ṣófo náà pẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí kámẹ́rà, mo sì rí ìbẹ̀rù lójú ìyá mi, èyí tí mi ò rí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé àwòrán yìí dára. N ò ní purọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtìjú dé, tí ẹkún sì tẹ̀ lé e, nítorí ó yé mi pé àwòrán mẹ́rin tí mo ń fi yangàn kì í ṣe eré. Ife yẹn ni wọ́n ń wá lóòótọ́. Mo pe Etí, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbàgbé ìyẹn, kí n lọ bá Màámi sọ̀rọ̀, pé ọ̀la ni Mọ́ńdè.

Ọ̀la ni Mọ́ńdè. Láago mẹ́jọ, wọ́n á dúró lójú fèrèsé yẹn, àwọn èèyàn á sì máa na ọwọ́ sí wọn.

Mo bá wọn nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn, mo sì jẹ́ kí wọ́n wò ó tán. Wọ́n wá ní èmi ni mo ní kí àwọn gbé aago, pé ara eré mi ni. Mo ní rárá. Wọ́n ní ṣebí bó ṣe wà nínú fíìmù mi nìyẹn, kí ọmọ máa kó ẹrù kiri kí àwọn èèyàn lè rò pé orí ìyá rẹ̀ ti yí, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló rán mi. Ohùn tútù tí wọ́n fi ń bá aláìsàn tó ń jà lójú fèrèsé wí ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó dá wọn lójú tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Irú fíìmù yìí kò lè dúró láìsí ẹni tí a óò dẹ́bi fún. Èmi ti dẹ́bi fún Etí, Màámi ń dẹ́bi fún mi, kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi nínú ilé náà.

Òórùn aṣọ tó ń jóná ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Wọ́n ti gbé áyọ́ọ̀nù lé àyà aṣọ funfun náà, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé e kúrò. Ó ti lu ihò tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ sára aṣọ. Màámi wo ihò náà, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n tún àwòrán yẹn fi hàn àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Màámi fún ìyá ọmọ ọwọ́ kan ní ìgò oògùn àgbàlagbà. Nọ́ọ̀sì kan ló rí ìgò náà lọ́wọ́ obìnrin yẹn lẹ́nu ọ̀nà, tó gbà á. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ó ti rẹ Màámi ni, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Màámi ti ń kọ ohun tí wọ́n ti mọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sínú ìwé kékeré.

"Ìdí tí mo ṣe gbà láti ṣe fíìmù ẹ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Mo rò pé tí mo bá gbàgbé nǹkan lójú kámẹ́rà, gbogbo èèyàn á ní eré ni."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Wọ́n ní àwọn á lọ, pé ìwé náà wà lápò àwọn. Mo ní tí wọ́n bá lọ, màá tẹ̀ lé wọn, màá sì sọ fún ọ̀gá wọn.

"O máa fi ìyá ẹ sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọmọ ọwọ́ ni, Màámi."

Wọ́n wò mí. Mi ò gbé ojú mi kúrò. Nínú fíìmù, ibí yìí ni ẹnìkan á ti nawọ́ gán ọ̀bẹ, orin á sì dákẹ́ lójijì. Ẹ̀rọ omi ń kán lọ ní tirẹ̀. Màámi ká aṣọ tó jóná náà sí mẹ́rin, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú wọn, wọ́n mú fóònù.

"Gbé kámẹ́rà ẹ wá," ni wọ́n wí.

Mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

"Màá pe ọ̀gá mi báyìí, màá fẹnu ara mi sọ ọ́. Ya gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá máa sọ fáráyé pé ìwọ lo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, pé ìwọ lò ń kó ẹrù mi kiri nínú ilé. Mi ò ní máa parọ́ o, màá gbà á gbọ́ ni. Tó bá dọjọ́ náà, má bá mi jà. Eléyìí ni kó o fi hàn mí."

Mo gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Màámi tún ọrùn aṣọ wọn ṣe. Wọ́n wá nọ́ńbà ọ̀gá wọn jáde, àmọ́ wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́.

"Kọ́kọ́ bọ́ síwájú ẹ̀ ná," ni wọ́n wí, "kó o sọ pé ọmọ mi ni ẹ́. Ó lè jẹ́ pé mi ò ní mọ̀ ẹ́ mọ́ nígbà yẹn."

Mo lọ jókòó tì wọ́n, mo wo ojú kámẹ́rà, mo sì sọ ọ́.