Ọkọ̀ Ẹrù Tí Nygaard Fẹ́ Sun

Gbàgà! Irin kan dún lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ara Lowell Brekke sì ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ó fi èjìká ti ìlẹ̀kùn, kò mì. Ó fi ọwọ́ wá ibi tí yóò dì mú, pákó gbẹrẹfu ni ọwọ́ rẹ̀ ń bà kiri.

"Emmett," ó ní, "ọ̀pá ìdábùú yẹn ti já bọ́ sínú ìkọ́ rẹ̀ níta."

"Wá eré mìíràn ṣe," ni Emmett dá a lóhùn láti inú òkùnkùn. "Èyí ò pa mí lẹ́rìn-ín."

"Ṣé ohùn ẹni tó ń ṣeré lo gbọ́ yìí?"

Emmett Hruska na ọwọ́, ó ti ìlẹ̀kùn náà wò fúnra rẹ̀. Òun ló fẹ́ Joyce, ẹ̀gbọ́n Lowell obìnrin. Láti ìgbà tó sì ti di àna wọn ni òun àti Lowell ti ń bá ara wọn jiyàn, kò sí ọjọ́ tí ọ̀kan gbà fún èkejì. 

Inú ọkọ̀ ẹrù rélùwéè àtijọ́ ni wọ́n wà. Láyé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì eléèéfín ṣì ń wọ́ ẹrù kọjá lórí pápá North Dakota, àlìkámà àti pákó ni ọkọ̀ náà ń kó. Nígbà tí rélùwéè ò fẹ́ ẹ mọ́, wọ́n yọ ẹsẹ̀ irin rẹ̀, bàbá tó bí Nygaard, àgbẹ̀ tó ni oko yìí, sì gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́yìn oko. Ó di àká, ó di ilé ẹlẹ́dẹ̀, ó wá di ibi tí eku ń bímọ sí. Irú òkú ọkọ̀ báyìí ni Lowell àti Emmett máa ń wá kiri ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á wádìí ilé-iṣẹ́ rélùwéè tó ni ín, wọ́n á wá padà sílé lọ ṣe àwòṣe rẹ̀ tí kò gùn ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Bí orí ìṣó kan bá sì wà lára àwòṣe náà níbi tí kò sí lára ọkọ̀ gidi, ẹgbẹ́ àwọn aṣàwòṣe tí wọ́n wà á fi onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yí po.

Nygaard àgbàlagbà ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní àárọ̀, ó fi fìlà nu imú. "Ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe wù yín. Bí mo bá ti jẹun ọ̀sán tán, mo ń bọ̀ wá dáná sun ún. Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ ti ìlẹ̀kùn, kí àwọn ológbò mi má wọbẹ̀ o."

Ìlẹ̀kùn tó wà ní títì, àmì pé àlejò ti lọ nìyẹn. Wọn ò gbé ọkọ̀ tiwọn wọ oko rárá, nítorí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, ẹrọ̀fọ̀ sì ti gba ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lójú títì ni wọ́n fi í sí, lẹ́yìn òkè, níbi tí ojú Nygaard kò lè dé. Ayé ìgbà tí tẹlifóònù ṣì ń gbé ara ògiri ni.

"Joyce mọ ibi tá a wà?" ni Lowell béèrè.

"Mo sọ fún un pé oko ẹnì kan là ń lọ. Kò bi mí pé ta ni. Ọ̀rọ̀ rélùwéè ti sú u."

Ẹgbẹ́ wọn ní òfin kan: ẹnì kan á wọlé, ẹnì kan á dúró síta. Ọ̀dà pupa tí bàbá Nygaard kùn ti bo gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà, ihò nìkan ló kù tí wọ́n lè kà. Níbi tí wọ́n bá ti tú irin kan kúrò, ihò bóòtù rẹ̀ kì í dí. Bí èèyàn bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ra pátápátá nígbà tí ojúmọ́ wà níta, àwọn ihò náà á máa tàn lára ògiri bí ìràwọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á sì rí i pé ibí ni àkàbà wà rí, ibí ni bíréèkì. Lowell ló kọ́kọ́ wọlé, ó kígbe pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ rélùwéè Sheyenne ni. Emmett wà níta, ó ní irọ́ ni, ti Cannon Hills ni, ojú Lowell ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí Emmett fi kó ara rẹ̀ wọlé láti wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó sì fa ìlẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, nítorí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn máa ń ba ìràwọ̀ jẹ́.

Emmett tan tọ́ọ̀ṣì báyìí. Ó sún mọ́ ẹ̀yìn, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ rọ́ lu ìlẹ̀kùn bí akọ màlúù. Ìlẹ̀kùn kérora, kò ṣí.

"Ta ló kan nǹkan yìí?" ó ń mí hẹlẹ.

"Wọ́n kàn án kí ọkà má lè tú jáde," ni Lowell wí. "Wọ́n sì kàn án dáadáa." Ó kórìíra ẹnu ara rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ọwọ́ ìlẹ̀kùn mọ́ àwòṣe tó pọ̀ kọjá kíkà. Ìta ni gbogbo wọn máa ń wà. Kò sí ìgbà kankan tó bi ara rẹ̀ léèrè pé ẹni tó bá wà nínú ńkọ́.

Òórùn epo dísù ń wọlé láti apá ìwọ̀ oòrùn. Láti àná ni Nygaard ti kó ẹ̀ka igi àti táyà àtijọ́ jọ sí ìpẹ̀kun ọkọ̀ lọ́hùn-ún, tó sì da epo sí i. Ìhà yẹn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, yóò sì gbé iná náà la inú ọkọ̀ já.  Lowell fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Ilé Nygaard wà lẹ́yìn òkè mìíràn.

"Sheyenne lo pè é," ni Emmett wí lójijì.

"Emmett, ṣé àsìkò àríyànjiyàn nìyí?"

"Gbọ́ mi ná! Àwọn ọkọ̀ Sheyenne ní ìlẹ̀kùn kékeré kan lókè ní ìpẹ̀kun kan, ibi tí wọ́n ń ti pákó gígùn wọlé. Ti Cannon ò ní. Inú ni wọ́n sì ti ń ti ìlẹ̀kùn yẹn. Inú, Lowell!"

Lowell wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Òógùn ti bo ojú Emmett bí ẹni tí òjò pa.

"Bó bá jẹ́ èmi ni mo jàre, òkú ni wá," ni Emmett wí. "Ọlọ́run, jọ̀ọ́, sọ mí di òpònú lónìí."

"Àdúrà yẹn ti gbà tipẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà já lẹ́nu àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó tún ṣòro ni pé wọ́n ní láti pa tọ́ọ̀ṣì. Lowell ò fẹ́. Ó dà bí ẹni pé bí òkùnkùn yẹn bá tún bò wọ́n, kò ní ká kúrò mọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ Emmett, ó pa á. Òkùnkùn dé, ó dì mọ́ ojú wọn, àwọn ìràwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́bàá igun ògiri, ihò wà ní méjì méjì, wọ́n tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọkọ̀ Cannon kò lo àkàbà, ọwọ́ irin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kàn, tí ihò rẹ̀ máa ń fọ́n káàkiri.

Emmett ń fi ìka tọ wọ́n, ó ń ráhùn sínú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àkàbà ni. Lowell, àkàbà ni! Mo pòfo." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún.

"Ìpẹ̀kun wo wá ni?"

Ìbéèrè yẹn pa ìdùnnú náà. Àwọn Nygaard ti kan pákó bo ìpẹ̀kun méjèèjì lókè níbí, kí àlìkámà má baà jò. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè ráyè tú. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé òdìkejì ibi tí bíréèkì ọlọ́wọ́ wà ni Sheyenne máa ń fi ìlẹ̀kùn kékeré sí. Lowell tẹjú mọ́ ìlà oòrùn. Ihò ńlá kan wà níbẹ̀ tó yà sápá ọ̀tún, ihò kéékèèké sì tò lé e lórí títí dé ibi tí pákó náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀pá bíréèkì gbà nìyẹn. Ó wò ó títí omi fi lé lójú rẹ̀, bóyá yóò di nǹkan mìíràn. Kò yí padà.

"Ìwọ̀ oòrùn ni," ó wí.

Kò sí ẹni tó sọ ohun tó wà ní ìwọ̀ oòrùn. Imú wọn ń sọ ọ́ fún wọn.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni Emmett béèrè. "Tó o bá ṣì í, a ò ní lè tún un ṣe o."

"Ó dá mi lójú. Wá wò ó fúnra ẹ."

"Rárá," ni Emmett wí. "Mo gbà ẹ́ gbọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni wọ́n gbọ́ katakata. Ó ń gun òkè bọ̀, ó ń wúkọ́ bí arúgbó. Wọ́n kígbe. Wọ́n fi ẹsẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri. "Ọ̀gbẹ́ni Nygaard! A wà ńbí o! Ẹ má ṣe é o!" Katakata dé, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Ó ń dún gìrìgìrì níbẹ̀, ó ń gbé gbogbo ariwo wọn mì.

Lowell já irin kan lára ọpọ́n ìjẹun ẹlẹ́dẹ̀. Emmett bẹ̀rẹ̀, ó gbé Lowell lé èjìká. Lowell ki irin sẹ́yìn pákó, ó fà á. Ìṣó àtijọ́ ké bí ológbò. Pákó kan já, àlìkámà dúdú àti ìtẹ́ eku sì tú sí i lójú, sí i lẹ́nu. Ó tutọ́, ó tún fà. Ọwọ́ rẹ̀ kan irin tútù lẹ́yìn pákó kejì, irin tó ní igun mẹ́rin.

"Ó wà ńbẹ̀!"

"Ṣí i! Má ròyìn, ṣí i!"

Ìdè ìlẹ̀kùn náà ti dípẹtà. Ó fi ìdí tọ́ọ̀ṣì gbá a, gíláàsì tọ́ọ̀ṣì fọ́, ó tún gbá a. Nígbà tó yá ìdè náà yẹ̀, ìlẹ̀kùn kékeré náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé pẹ̀lú atẹ́gùn àti òórùn dísù tó ń gún ojú. Ihò náà kò fẹ̀ ju fèrèsé ilé adìyẹ lọ.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Lowell wí.

"Wo ihò yẹn, wo ikùn mi. Lọ jàre, àna mi. Lọ!"

Lowell ki orí bọ̀ ọ́. Èjìká rẹ̀ há, ẹ̀wù rẹ̀ ya, ó yọ dé ìdí. Ó wo ìsàlẹ̀. Nygaard dúró níbẹ̀, ó gbé àmúga koríko dání, àpò ìdọ̀họ tó ń jó wà lẹ́nu àmúga náà. Ó ti yí ojú kúrò nínú atẹ́gùn, ìdí ẹ̀ka igi ló ń wò. Lowell kígbe, katakata gbé e mì. Àgbàlagbà náà na àmúga síwájú.

Bí Lowell bá dúró síbẹ̀, bóyá Nygaard á gbójú sókè, bóyá kò ní gbé e. Bó bá fi ara sílẹ̀, orí epo ni yóò já sí, lójú iná. Kò rò ó tán. Ó fi ara sílẹ̀.

Ẹ̀ka igi gbà á, wọ́n ya á lójú, epo rin ín dé àyà. Nígbà tó gbórí sókè, Nygaard ń wò ó. Àgbàlagbà náà kò kígbe, kò sì sún sẹ́yìn. Ó kàn dúró, bí ẹni tí òkú bá sọ̀rọ̀, àpò tó ń jó náà sì ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ gbé e kúrò!" ni Lowell ń ké. "Emmett wà nínú ẹ̀! Emmett wà nínú ẹ̀!"

Ẹyọ iná kan já sí etí òkìtì, ewé gbígbẹ sì gbà á. Ìgbà yẹn ni ara Nygaard tó jí. Ó sọ àmúga sẹ́yìn sínú ẹrọ̀fọ̀, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì dojú bo iná náà pẹ̀lú kóòtù àti orúnkún. Lowell fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ láàrin táyà, ó fi bàtà kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré yí ọkọ̀ po. Ó dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Ó ń tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ dípò kó gbé e sókè. Láti inú, Emmett ń pe orúkọ rẹ̀. Ó tún gbé e. Ó gbé e.

Emmett ṣubú jáde, ó sì jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀.

Nygaard yí igun dé. Irun ọwọ́ rẹ̀ ti jóná, kóòtù rẹ̀ ń rú èéfín. Ó ti pa iná náà. Ó pa katakata, ibi gbogbo wá dákẹ́.

"Ta ló kù níbẹ̀?" ó béèrè.

"Kò sí, sà. Àwa méjì náà ni."

"Ta ló kù níbẹ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan mọ́, sà."

Ọ̀rọ̀ wọn kò wọ àgbàlagbà náà létí. Ó wọnú ọkọ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ń ra ògiri láti igun dé igun. Ó ń pè, ohùn rẹ̀ sì ń fọ́: "Ẹ̀yin ọmọ? Ẹnikẹ́ni? Ẹ dá mi lóhùn."

Kámẹ́rà wọn wà nínú ọkọ̀, téèpù wọn náà wà níbẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, ìlẹ̀kùn kékeré Sheyenne ṣí sílẹ̀ gbayawu, ohun tí ẹgbẹ́ wọn ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Lowell kò lọ wò ó. Emmett ti di ọrùn ẹsẹ̀ Lowell tí kò ní bàtà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó dì í mú débi pé ó ń dùn ún, kò sì jọ pé ó mọ̀ pé òun dì í mú. Lowell kò sọ pé kó fi í sílẹ̀.